Ìran Fáírọ́ọ̀sì Mẹ́dọ̀wú C Nínú Ẹ̀dọ̀ Tí A Pààrọ̀

Ọdún 1963 ni Thomas Starzl kọ́kọ́ gbìyànjú láti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní ìlú Denver, ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí Michael Houghton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú C ní 1989, ó hàn gbangba pé bí ó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, kì í sábà ṣàì wọ inú ẹ̀dọ̀ tuntun. Ǹjẹ́ fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ gan-an ni ó padà wá bí?

Èrò wa ni pé ìran rẹ̀ ni. Bí fáírọ́ọ̀sì yìí ti ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ ni ó ń ṣe àṣìkọ, kò sì ní ohun tí í tún àṣìkọ náà ṣe. Nítorí náà, agbo ìbátan tí kò jọra tán ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni ó sábà máa ń rí ẹ̀dọ̀ tuntun wọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń bí sí i, tí wọ́n sì ń yàtọ̀ sí i. Ibùgbé ni iṣẹ́ abẹ pààrọ̀, kò pa ìran run. Àwọn oògùn bíi sofosbuvir, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013, ni ó wá ń pa á run.