Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ní Sátidé kan, a gbé jíìpù wa lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹ́káníìkì kan ní Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí Boundary. Prado tòkunbọ̀ ni. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà la dáwó jọ rà á. Ìgbàkígbà tí eré rẹ̀ bá ti tó ọgọ́rin, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Bàbá tú táyà iwájú kan, wọ́n wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá bi wá pé, "Ta ló ra eléyìí fún yín?"

"Àwa náà la rà á, sà."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀."

Sípésà ni wọ́n ń sọ. Irin róbótó ni, tí wọ́n máa ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti rímù kí táyà lè yọ síta díẹ̀ sí i. Àwa fẹ́ràn ọ̀nà oko, a sì ti ra táyà fífẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ti yí sítíárìn dópin, táyà á máa ha irin abẹ́ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi wá sípésà oní-mílímítà 30. Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á fi mílímítà 60 fẹ̀ sí i.

Ọjọ́ tí a lọ rà á, ẹni tó tà á fún wa ka ihò tó wà lára rẹ̀: mẹ́fà. Ó ka ti ọkọ̀ wa: mẹ́fà. Ó wọn òbìrìkìtì tí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò lé lórí: mílímítà 139.7, bákan náà sì ni ti Prado. Nọ́ọ̀tì tó bá sípésà wá kọ̀, kò wọ sítọ́ọ̀dù ọkọ̀ wa. Ó ní kò séwu, ó mú òmíràn wá. Àwa tó jẹ́ pé àṣìṣe la ń wá kiri lẹ́nu iṣẹ́ wa, a gbà, a sanwó, a sì lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bàbá mú ohun èlò ìwọ̀n wọn, wọ́n wọn ihò ńlá tó wà láàárín sípésà náà: 110. Wọ́n wọn orí họ́ọ̀bù Prado: 106. "Nissan Patrol ló ni èyí," ni wọ́n wí. Ihò mẹ́fà ni Patrol náà ní, lórí òbìrìkìtì 139.7 kan náà. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù rẹ̀ tóbi ju ti Prado lọ, eyín sítọ́ọ̀dù rẹ̀ sì sún mọ́ra jù: mílímítà 1.25 láti eyín kan sí èkejì, nígbà tí ti Toyota jẹ́ 1.5. Nọ́ọ̀tì tó kọ̀ lọ́jọ́ yẹn ti sọ òótọ́ fún wa, àwa la ò gbọ́.

Mílímítà mẹ́rin péré ni àlàfo náà. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù ló yẹ kó mú sípésà dúró sáàárín gan-an. Tí àlàfo bá ti wà níbẹ̀, sípésà lè yẹ̀, táyà á máa yí gbágungbàgun, nọ́ọ̀tì á sì máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Méjì ti dẹ̀ nínú tiwa. Ọwọ́ lásán ni bàbá fi yí wọn.

A bi wọ́n pé báwo ni Toyota àti Nissan ṣe jọ wá ní òbìrìkìtì kan náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ lọ sí yunifásítì."

A bá lọ wá ìdí rẹ̀. Ta ló máa jókòó, tí á yan nọ́ńbà bíi 139.7? Kò sẹ́ni. Ínṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4. Ẹ fi pín 139.7, ẹ ó rí i pé ínṣì márùn-ún àbọ̀ ni, géérégé. Ọkọ̀ Japan tó ń fi mílímítà sọ̀rọ̀, ínṣì ló wà nínú egungun rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Willys-Overland àti Ford ṣe Jeep fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ihò márùn-ún ni rímù rẹ̀ ní, lórí òbìrìkìtì ínṣì márùn-ún àbọ̀ yìí kan náà. Ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet náà lo ìwọ̀n yìí, pẹ̀lú ihò mẹ́fà. Lẹ́yìn ogun, Maurice Wilks ti ilé iṣẹ́ Rover ń lo Jeep kan ní oko rẹ̀, èrò sì wá sí i lọ́kàn pé àwọn náà lè ṣe irú rẹ̀. Bí Land Rover ṣe jáde ní 1948 nìyẹn. Òun mú ínṣì mẹ́fà àbọ̀, èyí tí wọ́n ń kọ lónìí ní 165.1. Ní 1951, lásìkò ogun Kòríà, Toyota ṣe ọkọ̀ kan tó fara jọ Jeep, BJ ni wọ́n pè é. Ní 1954, orúkọ rẹ̀ di Land Cruiser. Lọ́dọ̀ wa ní Èkó, gbogbo wọn ni jíìpù. Orúkọ ọkọ̀ ogun yẹn wà lẹ́nu wa títí dòní, àní fún ọkọ̀ tí kò fojú kan ogun rí.

Irú nọ́ńbà báyìí kún Àpápá, ẹnu ọ̀nà tí jíìpù ń gbà wọlé. Ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ojú omi ńlá níbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1926, jẹ́ 548.64 mítà ní gígùn. Ẹ yí i padà: 1,800 ẹsẹ̀ bàtà ni. Láàárín 1948 sí 1956, wọ́n fi 762 mítà kún un, ìyẹn 2,500 ẹsẹ̀ bàtà. Títí di òní, ẹsẹ̀ bàtà ogún tàbí ogójì là ń pe kòǹténà tó wà lórí tírélà ní Creek Road. Àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté yìí wà lára àwọn tó sọ Ajégúnlẹ̀ di ìlú ńlá, orúkọ ibẹ̀ gan-an sì ni pé ajé ti gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, ó bọ́ sápá ọ̀tún bíi ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn. Ìjọba lè pàṣẹ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló lè pàṣẹ fún ihò rímù pé kó sún? Rímù, họ́ọ̀bù, sípíà táyà, gbogbo wọn ló máa yí padà pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwa tí à ń kọ ètò mọ èyí dáadáa: nọ́ńbà tí nǹkan púpọ̀ bá ti gbára lé, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò lè pa á rẹ́ mọ́.

Ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn. Ìtàn ló jẹ́ kí Patrol àti Prado jọra lójú, ìtàn náà ò sì sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra sípésà, ẹ ka ihò, ẹ wọn òbìrìkìtì, ẹ wọn ihò àárín, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yín gan-an dán eyín wò. Lẹ́yìn náà lẹ ó tó yan bó ṣe máa nípọn tó. Tó bá tín-ín-rín jù, orí sítọ́ọ̀dù àtijọ́ á yọ síta, á sì ti rímù. Tó bá nípọn jù, bẹ́ríńgì lẹ̀ ń dẹ́rù pa. Ẹ di nọ́ọ̀tì dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, kẹ́ ẹ sì tún un dì lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Bàbá tọ́ka sí títì níta: ọmọ iléèwé, ọlọ́kadà, ìyá tó ń ta bọ́ọ̀lì, gbogbo wọn há mọ́ ẹ̀gbẹ́ tírélà. "Táyà tó bá já níbí," ni wọ́n wí, "kì í wọ igbó. Èèyàn ló máa bá."

A ti ra èyí tó tọ́, ọkọ̀ ò gbọ̀n mọ́. Àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì wa. Ẹnìkan ti ní ká tà wọ́n, owó díẹ̀ á wọlé. A ò tà wọ́n. Ẹni tó máa rà wọ́n lè jẹ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń kà dé ẹ̀fà nìkan.