Ẹfúnṣetán ní Oríta Challenge: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Kó Àkọsílẹ̀ Ìbàdàn Jọ

Ère Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà wà ní oríta Challenge, níbi tí ariwo kọ̀ńdọ́ kì í ti í dákẹ́. Ẹni tó bá bi àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ léèrè irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́, ìdáhùn kan náà ni yóò máa gbọ́: ìkà ni, ó ń pa ẹrú tó bá lóyún. Ọ̀pọ̀ wọn kò kà á nínú ìwé ìtàn. Inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, tó jáde ní 1970, ni wọ́n ti bá a pàdé, ní kíláàsì, lórí pèpéle, tàbí nínú fíìmù tí wọ́n fi ṣe lẹ́yìn náà. Eré náà dùn, èdè rẹ̀ gún régé, ìdí nìyẹn tó fi bo gbogbo ohun mìíràn tí a kọ nípa obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ń jà fún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwé kò wọ́n Ìbàdàn rárá. Ohun tó wọ́n ni àkójọpọ̀ kan tí yóò gbé àwọn àkọsílẹ̀ tó ń tako ara wọn kalẹ̀ sí ojú kan, kí òǹkàwé lè gbọ́ tẹnu gbogbo wọn. Àkọsílẹ̀ tó bá dá nìkan wà pẹ́ títí a máa di òfin.

Ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán yìí tó yẹ̀ wò dáadáa. Samuel Johnson, tó dàgbà sí Ìbàdàn, tó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, sọ pé ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀: kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde fúnra rẹ̀ wá pàdé rẹ̀ lẹ́bàá odi ìlú nígbà tó dé. Kò sí ẹrú aboyún kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyálóde san owó ìtanràn, síbẹ̀ wọ́n yọ ọ́ lóyè ní 1 May 1874. Ní òru 30 June ọdún náà, àwọn ẹrú rẹ̀ tí wọ́n ti fi owó rà pa á nínú ilé rẹ̀. Nínú eré Ìṣọ̀lá ńkọ́? Májèlé ni òun fúnra rẹ̀ gbé mu. Òpìtàn Bọ́láńlé Awẹ́ wá gba ibòmíràn wọlé. Nínú ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ lórí àwọn obìnrin inú ìtàn Nàìjíríà, tó jáde ní 1992, oníṣòwò pàtàkì ni Ẹfúnṣetán, ẹni tó ń fún àwọn jagunjagun ní ohun ìjà láwìn, tí ọrọ̀ rẹ̀ sì ń ni àwọn ìjòyè lára.

Kí àwọn olólùfẹ́ Ìṣọ̀lá má bínú sí mi. Eré ni ó kọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀tọ́ yẹn dù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ka àwọn mẹ́ta yìí tẹ̀lé ara wọn, ìbéèrè tí ẹnìkan nínú wọn kò dá bi á jáde: ṣé nítorí ìwà ìkà ni wọ́n fi pa á, àbí nítorí pé àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ló jókòó ṣe ìdájọ́ rẹ̀? Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ gbèsè náà wà nídìí rẹ̀, torí pé ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Johnson tò ló jẹ mọ́ ohun tí Ìyálóde kò ṣe fún ogun Látòósà. Johnson pàápàá kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ní ìran, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a ń kà lónìí kì í ṣe ojúlówó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí London sọnù. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ láti inú àwọn ìwé àjákù tó fi sílẹ̀, kó tó jáde ní 1921. Agbọ́tẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà, ni àwọn baba wa wí. Iṣẹ́ àkójọpọ̀ ni láti rí i pé ẹ̀gbẹ́ kejì wà nítòsí.

Àwọn ará Mẹ́síkò ti bá irú wàhálà yìí wọ̀ ọ́ jìnnà. Láti ìgbà tí Cortés, ọ̀gágun Sípéènì, ti ṣẹ́gun Tenochtitlan, olú-ìlú àwọn Aztec, ní 1521, lẹ́tà òun fúnra rẹ̀ àti ìròyìn àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni ayé fi ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1959, Miguel León-Portilla kó ohun tí àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun kọ sílẹ̀ ní èdè Nahuatl jọ sínú ìwé kan, èyí tí Ángel María Garibay ti túmọ̀ sí èdè Sípéènì. Ìròyìn ogun kan náà ni, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn odi tí wọ́n wó. Nígbà tí Gilbert Joseph àti Timothy Henderson ṣe *The Mexico Reader* jáde ní 2002, ọ̀nà yìí ni wọ́n tọ̀: wọ́n kó ìwé olóṣèlú, arokọ, ewì àti ẹ̀rí àwọn ará ìlú sójú kan, láti ayé àtijọ́ dé ìgbà tiwa. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Duke, tó tẹ ìwé yẹn, ló tún ṣe ti Ghana jáde ní 2016. Nàìjíríà tilẹ̀ ti ṣáájú wọn, torí Thomas Hodgkin ṣe *Nigerian Perspectives* ní 1960, ọdún òmìnira gan-an. Ìwé tó dára ni. Àmọ́ ohùn àwọn arìnrìn-àjò, àwọn àlùfáà àti àwọn ọba ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì dá lé ayé tó ṣáájú ìjọba amúnisìn. Ìyá oníṣu kò ráyè níbẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé ìtàn Ìbàdàn wà ní Màpó àti Ọjà Ọba, pé àwọn àdúgbò tuntun kò ní ohun tó yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin dé ìlú ní 1901, Dùgbẹ̀ sì ti ara rẹ̀ yọrí. Ilé Cocoa House tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ parí ní 1965, iná jó o ní 1985. Orúkọ Challenge, láti ara ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì ló ti wá. Ní Bódìjà, ilé iṣẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1958 láti máa kọ́ ilé ló kọ́ ẹ́sítéètì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé, nígbà tí ó sì ṣe, ọjà ẹ̀wà, ata àti pákó gbalẹ̀ nítòsí wọn. Ìwé tí ẹ́sítéètì fi ń yan ẹni tí yóò gbé ibẹ̀ wà. Rìsíìtì tí àwọn oníplánkì ń já fún ara wọn náà wà. Ọ̀kan ń sọ irú ìlú tí ìjọba fẹ́, èkejì ń sọ irú ìlú tó wá. Èmi yóò fi méjèèjì sí ojú ewé tó kọjú sí ara wọn.

Ẹ wo ìjà Àgbẹ́kọ̀yà náà. Ní òpin 1968, àwọn àgbẹ̀ àyíká Ìbàdàn kọ owó orí, wọ́n ní òkè mẹ́fà péré, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Ní 1969 wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, ìròyìn wọn sì kún fún àlàyé tó mọ́ gaara. Àwọn àgbẹ̀ kò kọ ìròyìn. Orin ni wọ́n fi tiwọn sínú rẹ̀. Tóyìn Fálọlá, tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, kọ ìrántí tirẹ̀ jáde ní 2014. Ẹni tó bá ka ìròyìn ìgbìmọ̀ nìkan yóò rò pé owó lásán ni ìjà náà. Orin náà fi hàn pé ìyà tí àwọn agbowó orí fi jẹ àwọn àgbẹ̀ ló wà ní ọkàn rẹ̀.

Ọdún 1968 kan náà, ní 2 October, ni àwọn ọmọ ogun Mẹ́síkò yìnbọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tlatelolco. Ní 1971 Elena Poniatowska ṣe ìwé kan tó jẹ́ ohùn àwọn ẹlòmíràn ní ìkọ̀ọ̀kan: akẹ́kọ̀ọ́, ìyá, ẹlẹ́wọ̀n, àkọlé tí wọ́n gbé rìn. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ọdún 1971 náà ni ọlọ́pàá yìnbọn pa Kúnlé Adépéjú ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé gbígbé. Ilé Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Orúkọ lára ilé kò tó. Ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti ìjọba àti ti àwọn aláṣẹ Yunifásítì yẹ kó wà papọ̀, gẹ́gẹ́ bí Poniatowska ṣe ṣe é.

Ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe kékeré. Àkọsílẹ̀ Mẹ́síkò tí Joseph àti Henderson kó jọ, Gẹ̀ẹ́sì ni òǹkàwé ń kà á. Tiwa gbọ́dọ̀ yí i sódì. I. B. Akínyẹlé kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn ní Yorùbá ní 1911, ọdún mẹ́rìnlélógójì kó tó di Olúbàdàn, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí Johnson ju òun lọ, torí Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson fi kọ. Kí a fi ti Akínyẹlé síbẹ̀ bó ṣe wà, kí a sì túmọ̀ Johnson. Àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kún ilé àkójọ ìwé ìjọba nínú ọgbà Yunifásítì náà yẹ fún irú ìtọ́jú yìí. Akọ̀wé tó ń gba owó lọ́wọ́ aláìmọ̀wé ló kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tó le. Bí a bá dá wọn padà sí Yorùbá, a ó tún gbọ́ ohùn ẹni tó ni ẹjọ́.

Àwọn olùkọ́ kan á sọ pé ọ̀nà yìí yóò da ọmọ ilé-ìwé láàmú, pé ìdánwò WAEC ìdáhùn kan ló ń fẹ́. Òótọ́ ni pé ìdáhùn kan rọrùn láti fi máàkì lé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbọ́ ìtàn ìjà nílé, lọ́jà àti lórí rédíò mọ̀ pé ènìyàn méjì kì í sọ ọ́ bákan náà. Ilé-ìwé nìkan ló ń díbọ́n bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Owó ìtẹ̀wé yóò wọ́n, ẹ̀tọ́ oníwèé yóò sì gba ìjókòó púpọ̀ pẹ̀lú àwọn ilé ìtẹ̀wé, láti Jericho dé Ring Road. Bí ó bá jẹ́ pé apá kan ni a lè bẹ̀rẹ̀, ti Bódìjà ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Ní alẹ́ 16 January 2024, ìbúgbàù wó ilé ní Old Bódìjà, ó pa ènìyàn, gómìnà sì sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gómìnà ti wà nínú ìwé ìròyìn, kò ní sọnù. Ohun tí àwọn ará àdúgbò sọ sórí WhatsApp ní alẹ́ yẹn ni kò ní pẹ́ kú, nítorí fóònù ń bàjẹ́, àwọn tó ni ín sì ti ń kó kúrò.