Dungeon

Nínú èdè Faransé àtijọ́, donjon ni ilé ìṣọ́ gíga tó wà láàárín odi olóyè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì di ẹ̀wọ̀n abẹ́ ilẹ̀ lẹ́nu wọn. Láti 1974, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, ihò tó kún fún ìṣúra, iwin àti pàkúté ni àwọn tó ń ta á ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀ yìí kò tíì pé bí a kò bá fi ikú kún un. Nínú eré náà, èèyàn á dá akọni tirẹ̀, á sọ ọ́ lórúkọ, á tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Bí dáìsì bá ṣubú síbi burúkú, ó tán. Nínú Tomb of Horrors, dungeon kan tí Gygax kọ fún ìdíje kan ní 1975, ojú ànjọ̀nú aláwọ̀ ewé kan wà lára ògiri, ó lanu gbàgà bí ẹnu ọ̀nà. Akọni tó bá wọ ẹnu náà ti ṣègbé nìyẹn. Kò sí dáìsì tó lè gbà á. Àwọn kan ní ìwà ìkà ni. Èmi kò gbà. Ewu yẹn ló jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn akọni rẹ̀ máa fi ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 10 tọ́ ilẹ̀ wò kó tó gbẹ́sẹ̀.