Ogun àgbáyé kò jìnnà sí ìdílé Èkìtì

Bí olùkọ́ bá dárúkọ ogun àgbáyé ní kíláàsì kan ní Ìjerò, Arámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó ṣeé ṣe kí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ lọ sí Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá náà jà níbẹ̀.

Nínú ogun kìn-ín-ní (1914 sí 1918), àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn aláàárù sì ń ru ẹrù tẹ̀lé wọn. Lọ́dún 1918 kan náà ni àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú gba ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Nínú ogun kejì (1939 sí 1945), tí àwọn àgbà mọ̀ sí ogun Hitler, nǹkan bí 90,000 ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ bá Japan jà ní Bọ́mà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942. Ìbọn bà á lóṣù Kẹta 1944. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, pamọ́ títí di oṣù Kejìlá. Fadoyebo fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1999. Ó kú lọ́dún 2012.

Ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lọ́dún 2021, àjọ Commonwealth War Graves Commission jẹ́wọ́ pé, nínú ogun kìn-ín-ní nìkan, ó kéré tán 116,000 òkú, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibi ìrántí kankan. Nípa irú wọn, ohun tí ìdílé rántí lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù.

Wọ́n yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ní sáà 2009/2010. Lọ́dún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Olùkọ́ lè fi ilé ṣe ìwé ìtàn. Kí ọmọ béèrè ẹni tó lọ sójú ogun, àwòrán tàbí àmì-ẹ̀yẹ tó kù, àti àwọn tí wọ́n bí nígbà lúkúlúkú. Kó má gbàgbé àwọn tó dúró sílé: iyọ̀ wọ́n nígbà ogun Hitler, iye tí ìjọba bá dá lé kòkó sì ni àgbẹ̀ ń gbà. (Àwọn ìyá àgbà ló sábà máa ń rántí ti iyọ̀.)

Ẹni tó bá fẹ́ wá orúkọ olóògbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àjọ náà, kó gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀, nítorí orúkọ ológun lè yàtọ̀ sí ti ilé. Lára ibi ìrántí tó wà níbẹ̀ ni ti Rangoon ní Taukkyan, ní Bọ́mà, tó ní orúkọ àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 tí a kò mọ ibojì wọn.