Ìtaari, Ìṣàn àti Iná Alálọbọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe ń rin ọ̀nà jíjìn, "agbára" ni yóò kọ́kọ́ gbé e ṣubú. Òun la ń lò fún gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ iná. Ẹ gbọ́ ná: "Wọ́n gbé agbára sókè kí agbára má baà ṣòfò lójú ọ̀nà." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò yé?

Ohun tó ń ti iná lẹ́yìn, ìtaari ni mo pè é. Mi ò pè é ní ìtì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń gé. Iye iná tó ń kọjá nínú wáyà ni ìṣàn. Bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, agbára nìyẹn. Bí ìtaari bá di ìlọ́po 10, ìṣàn á di ìdá 10, agbára ò ní yí padà, ṣùgbọ́n èyí tó ń di ooru dànù nínú wáyà á di ìdá 100. Tiransifọ́mà ló ń gbé ìtaari sókè bẹ́ẹ̀, iná tó ń yí padà nìkan ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí iná Edison, tí kì í yí padà, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1882, kò fi lè jìnnà sílé, tí ti Tesla àti Westinghouse, tó ń yí padà, sì fi ti etí odò Niagara dé ìlú Buffalo ní 1896.

Irú iná méjèèjì ńkọ́? "Éésì" àti "dísì" làwọn oníná ń sọ, àmọ́ bí ará ilé bá gbọ́ éésì, ẹ̀rọ amúlétutù ló máa wò. Iná alálọbọ̀ àti iná ọlọ́nà-kan ni mo yàn. Àléébù wà lára alálọbọ̀: ó jọ bíi pé iná ń ti Kainji lọ sí Èkó, ó tún ń padà sílé. Rárá o, ojú kan ló ti ń mì, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síbẹ̀, "alámìmì" kò lè wọ etí.

Apá alálọbọ̀ kò ká ọ̀nà jíjìn lábẹ́ òkun. Wáyà ibẹ̀ ń gba iná sára, ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá yí padà. Bó bá gùn, gbígbà-tú yìí nìkan á gba àyè inú rẹ̀ tán. Ọlọ́nà-kan ni Sweden fi gbé iná sọdá sí erékùṣù Gotland ní 1954, nǹkan bí 100 kìlómítà, pẹ̀lú ìtaari 100,000 fóltì. Ẹ̀rọ tó sọ alálọbọ̀ di ọlọ́nà-kan, mo pè é ní asọdọ̀kan. Èyí tó dá a padà ní Gotland kò nílò orúkọ tuntun: iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bátìrì ń ṣe nílé wa, ínfátà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é.