Nọ́ńbà Gíláàsì àti Iná Wẹ́dà ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Bí ènìyàn bá ka ohun tí àwọn òpìtàn ti kọ lórí ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi ni yóò bá níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹja pípa, òwò orí ọ̀sà, oyè àwọn ọba Ugbò àti ti Màhín, àti òkun tí ń jẹ ilẹ̀ Awóyè àti Ayétòrò. Irin kì í sábà wọ inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti gba ipò àjẹ̀ àti ọ̀pá ìtukọ̀ lórí omi náà, ìgbésí ayé etí òkun kò ṣeé yà kúrò lára iṣẹ́ àwọn tí ń fi iná jó irin mọ́ irin, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní wẹ́dà. Iṣẹ́ wọn ní ewu kan tí kì í hàn lójú ẹsẹ̀, èyí ni ewu ojú. Ohun tí ó dúró láàárín ojú wẹ́dà àti ewu náà kò ju gíláàsì dúdú kan lọ, tí kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Bí nọ́ńbà náà ṣe dé ayé, àti bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa yàn án ní ilẹ̀ omi bí ti Ìlàjẹ, ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Láti orí igi dé orí irin

Igi ni ọkọ̀ Ìlàjẹ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìṣó àti ìdè ni ó ń so pákó mọ́ pákó. Bí ọkọ̀ bá ń jò, gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ń ké sí. Irin tí ó wà lára ọkọ̀ kò pọ̀ rárá. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ yí ọ̀ràn padà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ní ìjókòó irin, ó ní ọ̀pá, ó ní abẹ̀bẹ̀, gbogbo wọn ni iyọ̀ òkun sì ń jẹ. Irin tí iyọ̀ bá ti jẹ kò ṣeé fi ìṣó dè.

Ayétòrò ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ nínú ìyípadà yìí. Ní 1947 ni ẹgbẹ́ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sí etí òkun, tí wọ́n sì pa gbogbo ohun ìní pọ̀ sí ojú kan. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti ní ilé iṣẹ́ ọlọ́kan-ò-jọ̀kan àti ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ní 1953 iná mànàmáná ti ń tàn ní ìlú wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń fi àtùpà ríran. Ìwé The Rise and Fall of an African Utopia tí Stanley Barrett kọ ní 1977 ni ó mú òkìkí ìlú náà dé etí àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Olówó ni ó pe orúkọ ìlú náà nínú ìwé rẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì níhìn-ín ni pé iná mànàmáná àti ilé iṣẹ́ pàdé ní orí ẹrẹ̀ tí ènìyàn kò lè rìn lórí rẹ̀ láìsí afárá pákó.

Epo rọ̀bì ni ó parí iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ epo ri òpó irin mọ́lẹ̀ nínú òkun, àwọn apẹja Ìlàjẹ bẹ̀rẹ̀ sí rí erékùṣù tí ó jẹ́ kìkì irin, tí iná ni wọ́n fi so ó pọ̀. Nínú ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ ń béèrè fún nígbà tí wọ́n lọ jókòó sí orí pèpéle Parabe ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ọ̀ràn tí ó fa ikú ènìyàn méjì láti ọwọ́ àwọn ológun, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì dé ilé ẹjọ́ ní San Francisco ní 2008, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè gbé ọmọ etí òkun dé orí irin bẹ́ẹ̀.

Iná àgbẹ̀dẹ àti iná wẹ́dà

Àwọn Yorùbá ti mọ irin tipẹ́. Alágbẹ̀dẹ a máa wo àwọ̀ irin nínú iná. Nígbà tí ó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó bá ń yọ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òòlù sọ̀ ọ́. Ojú ni ìwọ̀n rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àṣà yìí wà lára ohun tí ń mú kí àwọn ọmọṣẹ́ wẹ́dà gbàgbọ́ pé ọkùnrin tí ó bá mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè wo iná. Ṣùgbọ́n iná ẹwìrì àti iná wẹ́dà kì í ṣe ọmọ ìyá. Ooru iná wẹ́dà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tú ìtànṣán ultraviolet jáde, ìyẹn ìtànṣán tí ojú kò lè rí rárá, èyí tí ẹyín iná àgbẹ̀dẹ kò ní ní ìwọ̀n tí ó ṣe é kà sí.

Ìtànṣán náà a máa jó awọ iwájú ẹyinjú gẹ́gẹ́ bí oòrùn ṣe ń jó awọ ara òyìnbó. Ìrora rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó a máa pẹ́ tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán lè sùn ní àlàáfíà, kí ó sì jí ní òru bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn gbígbóná sí lójú. Nítorí ìdádúró yìí, ọ̀pọ̀ kì í mọ ohun tí ó ṣe wọ́n. Wọ́n a fún omi ọmú ìyá ọlọ́mọ sí i, ojú a sì tún là lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, omi ọmú a gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí gan-an, tí ó ń wọlé dé ẹ̀yìn ẹyinjú, nítorí pé ibi tí ó bá jó níbẹ̀ lè má san mọ́.

Bí nọ́ńbà ṣe dé

Ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ dé, gíláàsì tẹ̀lé e láti òkèèrè. Nikolai Benardos, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti fi iná mànàmáná jó irin pọ̀ ní 1881. Oscar Kjellberg ti ilẹ̀ Swídìn ni ó wá ronú láti da nǹkan bo ara ọ̀pá ìjórin. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1907, láti ibẹ̀ ni ẹlẹ́kitíróòdù òní ti wá. Ní 1913 ni William Crookes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀ lórí gíláàsì tí ń dáàbò bo ojú. Kì í ṣe nítorí wẹ́dà ni ó ṣe é. Àwọn tí ń yọ́ gíláàsì ní ilé iṣẹ́ ni ojú wọn ń funfun, tí wọ́n sì ń fọ́jú. Nítorí tiwọn ni ó ṣe dán oríṣi gíláàsì tí ó ju 300 lọ wò. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ ni pé òkùnkùn gíláàsì nìkan kò tó. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ni ó ń sọ irú ìtànṣán tí yóò lè dá dúró.

Nígbà tí wọ́n ń fi iná jó ọkọ̀ ojú omi ogun àti ti òwò pọ̀ ní ìgbà ogun àgbáyé kejì, ó ti di dandan pé kí gíláàsì ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n náà kì í lọ bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Bí nọ́ńbà bá fi oókan dínkù, ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta (2.7 gan-an ni). Gíláàsì nọ́ńbà 11 ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá kan nínú 19,000 ìmọ́lẹ̀ wọlé. Nọ́ńbà 10, ìdá kan nínú 7,000. Nọ́ńbà 9, ìdá kan nínú 2,700. Nítorí náà, ẹni tí ó kúrò lórí 11 bọ́ sí 9 kò sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìlọ́po méje ìmọ́lẹ̀ ni ó gbà wọlé.

Ìṣirò yìí kan náà ni ó tú àṣírí àwọn tí ń fi awò oòrùn ṣe wẹ́dà. Nọ́ńbà awò oòrùn dáradára kò ju nǹkan bíi 3 lọ. Bí ènìyàn bá wọ méjì lé ara wọn, kò di 6. 5 ni yóò jẹ́, nítorí pé wọ́n ń yọ oókan kúrò nínú àròpọ̀ wọn. Ìdá kan nínú 50 ìmọ́lẹ̀ ni 5 ń jẹ́ kí ó wọlé. Ó dára fún iná gáàsì àti kábáàdì, níbi tí nọ́ńbà 4 sí 6 ti tó fún iṣẹ́ kékeré. Kò dára rárá fún iná mànàmáná.

Gíláàsì tí ń dúdú fúnra rẹ̀

Àṣíborí àtijọ́ ní ìṣòro kan: gíláàsì rẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí wẹ́dà kò rí irin kí iná tó tàn. Ó ní láti fi ojú sí ibi tí yóò jó, kí ó mi orí kí àṣíborí sọ̀kalẹ̀, kí ó sì ṣáná nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá ń jó ojú kéékèèké ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lójúmọ́ a pa àṣíborí tì, a sì máa di ojú. Ní 1981 ni ilé iṣẹ́ Hörnell ní Swídìn gbé Speedglas jáde, gíláàsì tí ó mọ́lẹ̀ títí iná yóò fi tàn, tí yóò sì dúdú láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Irú rẹ̀ ti di ohun ọjà gbogbogbòò báyìí.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ sí ara rẹ̀ ni irú 4/9–13. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nọ́ńbà 4 ni ó wà nígbà tí kò sí iná, tí oníṣẹ́ sì lè yí i láti 9 dé 13 nígbà tí iná bá tàn. Èyí tí wọ́n ṣe dáradára a máa dá ìtànṣán ultraviolet dúró nígbà gbogbo, ìbáà dúdú, ìbáà mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí nìkan ni yíyí náà wà fún.

Nọ́ńbà wo ni kí ó yàn? Ìwé ìlànà òyìnbó dá a lórí ámpíà. Ti Amẹ́ríkà sọ pé láti 60 dé 160 ámpíà, nọ́ńbà kò gbọdọ̀ dín ní 8, pé 10 ni ó tura. Láti 160 dé 250, kò gbọdọ̀ dín ní 10, 12 ni ó tura. Ti Yúróòpù le díẹ̀: 10 fún 40 sí 80, 11 fún 80 sí 175, 12 fún 175 sí 300. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wẹ́dà tí wọ́n fi wáyà kọ́pà rọ ní ilẹ̀ yìí kì í sábà ní àmì ámpíà lára. Ìdè wáyà ni oníṣẹ́ ń sún. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó lè kà ni géèjì ẹlẹ́kitíróòdù, òun sì ni ó yẹ kí ó fi ṣe atọ́nà. Géèjì 12, tí ó jẹ́ milimítà 2.5, ń jẹ nǹkan bíi 60 sí 90 ámpíà: nọ́ńbà 10. Géèjì 10, tí ó jẹ́ milimítà 3.2, ń jẹ 90 sí 130: nọ́ńbà 11. Géèjì 8, milimítà 4, ń jẹ 130 sí 180: 11, tàbí 12 bí iná bá le. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó dúdú jù, kí ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi rí irin yíyọ́ náà kedere, láìjẹ́ kí ó kọjá ààlà ìsàlẹ̀. Àṣejù òkùnkùn náà ní ewu tirẹ̀. Wẹ́dà tí kò rí ojú iṣẹ́ a tẹ orí wọnú èéfín, ojú ìjórin rẹ̀ a ní ihò, irú ihò bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ kì í sì í hàn títí ọkọ̀ yóò fi kúrò létí omi.

Ilẹ̀ omi tún ní wàhálà tí ìwé òyìnbó kì í kà. Oòrùn tí ń tàn padà láti ojú omi lè tan ojú kéékèèké tí gíláàsì fi ń mọ iná jẹ, kí ó dúdú kí wẹ́dà tó ṣáná. Oníṣẹ́ a wá dín ìfura rẹ̀ kù. Nígbà tí ó bá sì wọ inú ọkọ̀ irin lọ jó egungun rẹ̀, tí irin bo ọ̀kan nínú àwọn ojú náà, gíláàsì tí wọ́n ti dín ìfura rẹ̀ kù a kọ̀ láti dúdú. Ó yẹ kí wọ́n tún un yí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kúrò ní gbangba wọ inú ọkọ̀, kí wọ́n sì nu iyọ̀ kúrò lójú rẹ̀. Bọ́tìnì tí wọ́n ń lò fún fífi ẹ̀rọ lọ irin náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: bí ó bá wà níbẹ̀, orí 4 ni gíláàsì yóò wà bí iná tilẹ̀ ń tàn.

Láti 1955 ni òfin ilé iṣẹ́ ti wà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1987, ó sì pa á láṣẹ pé kí ààbò wà fún ojú níbi iṣẹ́ tí ó lè pa á lára. Ọmọṣẹ́ tí ń di irin mú fún ọ̀gá ni kì í sábà ní àṣíborí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ó fi ń bojú. Iná kan náà ni ó ń wò, nọ́ńbà kan náà sì ni ó tọ́ sí i. Ní ti àwọn tí ń tukọ̀ kọjá lẹ́bàá ibi iṣẹ́, tí kò mọ̀ pé ìtànṣán ń kan àwọn, páànù méjì tí wọ́n bá gbé dúró sí ìhà omi tó láti bo iná náà.