Ìbéèrè Tí Àbúrò Mi Gbé Bọ̀ Láti Yunifásítì

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí la ó ti wí bó bá jẹ́ ọmọdé ló ń wo ẹ̀yìn, tí àgbà sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé wa ní Kábà nìyẹn lọ́dún 2013, nígbà tí àbúrò mi obìnrin ti yunifásítì dé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́.

Ìtàn ló ń kọ́. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe rí. Bí ọmọ bá ní òun ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, wọ́n á ní, "Dókítà wa!" Bó bá ní òfin ni, wọ́n á ní, "Lọ́yà!" Ṣùgbọ́n bó bá ní ìtàn ni, wọ́n á ní, "Ìtàn kẹ̀? Ṣé ti ìjàpá àti Yánníbo ni?" Èmi tí mò ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Owó bàbá wa kò gbé mi kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo sì fi ń jẹun. N kò ní purọ́ fún yín, èmi náà bi ara mi léèrè pé kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi ìtàn dà láyé.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ lọ nílé wa. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bùrọ̀dá Zaria, kọ́ nípa ìṣèlú ní Yunifásítì Ahmadu Bello, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Ibẹ̀ ló wà ní oṣù kẹrin ọdún 1978 tí ìjọba ológun fi kún owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tú síta káàkiri Nàìjíríà. Segun Okeowo ni olórí ẹgbẹ́ wọn. "Ali Must Go" ni wọ́n ń pariwo, nítorí Ahmadu Ali, ọmọ Ígálà, ló ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ìbọn dún ní Èkó, ó dún ní Zaria, ẹ̀mí àwọn ọmọ olọ́mọ lọ sí i. Bùrọ̀dá máa ń sọ pé ọjọ́ náà lòun tó mọ̀ pé ìṣèlú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó nìkan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dùn ún ju ìyẹn lọ. Gbogbo ìwé tó kà, Ọ̀yọ́ ni, Bìní ni, Bídá ni, Sókótó ni. Àwa ńkọ́? Àwa ni wọ́n kó lẹ́rú. Ó tán! Àfi bí ẹni pé a kò ní nǹkan kan kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó dé.

Ta wá ni àwa? Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Owórò àti Owé. Owé ni tiwa ní Kábà. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa pọ̀ lónìí, Okun, ìkíni wa ni. Bí ẹ bá pàdé wa lówùúrọ̀, "Okun o!" la ó fi kí yín. Ẹ sì wo bí ayé ṣe rí: Eva Krapf-Askari, obìnrin onímọ̀ kan láti ìlú òyìnbó tó wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí 1965, ni wọ́n ní ó dábàá pé kí wọ́n fi ìkíni náà pe gbogbo wa. Àlejò ló gbọ́ ohun tó pa wá pọ̀ lẹ́nu wa.

Nígbà tó di 1980, ìwé ńlá kan jáde lórí ìtàn Nàìjíríà, Obaro Ikime ni olóòtú rẹ̀. Ade Obayemi, ọmọ Okun, kọ orí kan sínú rẹ̀ lórí àwọn ará ibi tí Odò Ọya àti Bénúé ti pàdé. Ohun tí ọkùnrin yìí ń tẹnu mọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn ìlú kéékèèké bíi tiwa, tí olúkúlùkù ní olórí àti òfin tirẹ̀, kì í ṣe èérún tó já bọ́ lára ìjọba ńlá. Irú wọn ló ti wà tẹ́lẹ̀, lára irú wọn ni ìjọba ńlá ti hù jáde. Bùrọ̀dá ra ìwé náà. Títí ó fi kú, kò yá ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi ló jogún rẹ̀, bóyá ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó dé ọdún tó máa ṣe àṣekágbá, olùkọ́ rẹ̀ ní kí kálukú wọn lọ kọ ìtàn ibi tó ti wá. Ó kọ́kọ́ lọ sí Kaduna, níbi tí ìjọba kó àwọn ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nídìí fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ṣàkóso Kábà, eruku bò ó lórí. Ohun tó rí níbẹ̀ bá èyí tí àwọn òpìtàn ti kọ mu. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, Tápà Bídá ń gun ẹṣin wá. Àwọn èèyàn wa sá gun orí òkè. Àwọn tí apá Tápà ká ń san ìṣákọ́lẹ̀, èèyàn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń san án. Àgọ́ ogun Tápà wà ní Kábà níbí títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, tí àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, tí Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, fi gbéra láti Lọ́kọ́ja. Kí wọ́n tó dé, Tápà ti sá. Kí oṣù náà tó parí, Bídá ti ṣubú.

Láti ibẹ̀ la ti bọ́ sábẹ́ Àríwá. A jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Kaduna là ń forí balẹ̀ fún. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink jókòó ní 1957 sí 1958, ọ̀rọ̀ pé kí Ìlọrin àti Kábà bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn dé iwájú wọn, wọn kò gbà á. A di ará Kwara ní 1967, a di ará Kogi ní 1991.

Gbogbo èyí dára lórí ìwé. Ìbéèrè kan ló kù tí kò sí nínú fáìlì. Bàbá tó dàgbà jù nílé wa ló gbé e lọ bá. Ó kúnlẹ̀ kí wọn tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí Tápà ń gba èèyàn, ta ló ń yan ẹni tí yóò lọ?"

Bàbá gbé ife omi ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ta ló rán ọ?"

"Ilé-ẹ̀kọ́ ni, Bàbá."

"Lọ sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ pé Tápà wá, Tápà lọ. Ó parí."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń sanwó fún un. Sọ fún un kó jáwọ́." Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí. Iṣẹ́ ìbéèrè ni èmi náà ń ṣe. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò ní nǹkan tó ń pa mọ́ kì í bínú báyẹn.

Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kẹta, Bàbá pe àwa méjèèjì wọ yàrá. Wọn kò wò wá lójú. Wọ́n ní, "Ilé wa ló wà nípò nígbà náà. Tápà á ní èèyàn méjì lòun fẹ́. Bí a kò bá fi ránṣẹ́, ẹṣin ni yóò wá, gbogbo ìlú ni yóò jó. Bàbá bàbá mi kì í mú ọmọ tirẹ̀." Wọ́n dákẹ́ títí. "Ilé tó wà lẹ́yìn ògiri yìí ló ti mú ọmọdébìnrin kan. Ọmọ náà kò padà wálé."

Háà! Ilé tó wà lẹ́yìn ògiri! A jọ ń pọnmi ni. A ti fẹ́ra. Bí wọ́n bá bímọ, àwa là ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé ẹ wá rí i? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wò wá bí ọ̀tá ni?"

Àbúrò mi tọrọ àyè láti lọ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe mú ọ̀pá wọn tí wọ́n ṣáájú wa. Ìyá àgbà ilé náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmira. Nígbà tí Bàbá parí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rò pé a kò mọ̀ ni? Orúkọ ọmọ náà la fi ń sọ ọmọ nílé wa títí dòní. Ẹ̀yin la ń retí."

Bàbá sunkún. N kò rí i rí, n kò sì rí i mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Àbúrò mi kọ iṣẹ́ náà. Kò dárúkọ ilé kankan, Ìyá ló ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Lónìí, olùkọ́ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtàn kò tilẹ̀ dá dúró lórí tábìlì àwọn ọmọ kéékèèké nílé-ìwé, nítorí ìjọba àpapọ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tó gbé jáde ní 2007, kó tó di pé wọ́n ní kó padà. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí ilé wa ṣe ni ìjọba náà ṣe. A rò pé ohun tí a kò bá sọ fún ọmọ ti kú. Ẹni tí a ṣẹ̀ kò gbàgbé. Àwa tí a ṣẹ̀ ẹ́ nìkan la sọ ọmọ wa di òpè.

N kò tún bèèrè mọ́ pé kí lèèyàn ń fi ìtàn dà láyé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àgbà nílé, ẹ fà sún mọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní ó parí, ẹ rọra dúró. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń retí yín lẹ́yìn ògiri.